Ṣé Èmi Ni Bàbá Inú Ìwé Náà?

Ilé Bámigbóyè,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Èsìẹ́, lọ́nà Òmù-Àrán.

Dámilọ́lá ọmọ mi, Àyìnkẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìbàdàn níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé orí kò fọ́ ọ, ṣé iná ń wá, ṣé omi ń ṣe déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Bí o bá béèrè tiwa, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ òsì mi ń ṣe bí ó ti máa ń ṣe nígbà òjò, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi dé oko, ó sì ń gbé mi padà wálé. Ọlọ́run tí ó mú ọ kúrò lábẹ́ òrùlé mi tí o kò fẹsẹ̀ kọ, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Àmín.

Òjò dé sí wa dáadáa lọ́dún yìí. Iṣu tí a gbìn sí apá Ìsánlú-Ìsin ti ń fà mọ́ igi. Awó pa ọmọ méje, àṣá gbé méjì, èmi náà sọ òkò sí àṣá náà, òkò bá páànù pásítọ̀. Ìyá rẹ wà dáadáa. Wọ́n ti fi í ṣe olórí àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìgbà náà kò sí ẹni tó lè fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé ìsìn mọ́, títí kan pásítọ̀ fúnra rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o óò máa wò ó pé kí ló dé tí bàbá kò pè mí lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, fóònù sì máa ń já, àti pé bí mo bá ti gbé e sétí mo máa ń pariwo, ìyá rẹ ní ńṣe ni mo máa ń ṣe bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí o ti pè gbẹ̀yìn, ìyá rẹ nìkan lo sì bá sọ̀rọ̀, ó gbé fóònù jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ó wọlé tí mo béèrè ohun tí o sọ, ó ní o ní kí a máa jẹun dáadáa. Odindi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀dógún. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í gùn tó bẹ́ẹ̀, Dámilọ́lá.

Ọ̀rọ̀ ìwé rẹ ni. Ẹ̀dà méjì *Ọmọ Oníyẹ̀ẹ́* tí o fi rán awakọ̀ Òmù-Àrán dé ọwọ́ wa. Mo fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ Bíbélì, mo gbé èkejì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jùbrílù télọ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wa ń jókòó sí. Tíṣà Lawrence, tó kọ́ yín ní ìwé mẹ́fà tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ní òun yóò máa kà á fún wa lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí Jùbrílù bá ti kírun alásàárì títí di ìgbà tí yóò tún lọ kí mọ̀gàríbà. Bẹ́ẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, a jókòó mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹta, àga ṣọ́ọ̀bù ti tán, àwọn ọlọ́kadà ń jókòó sórí ọ̀kadà wọn láti gbọ́, àwọn èrò tó fẹ́ lọ sí Òmù-Àrán dúró, àwọn náà ń gbọ́.

Ọmọbìnrin inú ìwé náà dùn mọ́ gbogbo wa, ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ìyẹ́ ní èjìká, tí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìtàn nínú, tí ó bá ti fà á sún mọ́ etí á máa bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ da wá láàmú ni ibi tí ìlú àwọn ẹyẹ wà, èyí tí àwọn ìyẹ́ náà máa ń ròyìn fún un. Jùbrílù ní yóò wà ní apá Ṣààrẹ́, níbi tí àwọn Tápà wà, nítorí omi pọ̀ níbẹ̀, ẹyẹ sì fẹ́ràn omi. Mo bi awakọ̀ tó gbé ìwé náà wá. Ó rò ó títí, ó ní ó lè jẹ́ lẹ́yìn Bàbáńlá, nítorí òun kò tíì kọjá Bàbáńlá rí. Tíṣà Lawrence rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí níbì kankan, ó ní àròsọ ni. Mo ní kí ni àròsọ. Ó ní ohun tí kò ṣẹlẹ̀ tí a sọ bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀. Mo ní irọ́ nìyẹn, ọmọ mi kì í sì í purọ́. Ó ní kì í ṣe irọ́, nítorí òpùrọ́ kì í fẹ́ kí o mọ̀, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé ní ẹ̀yìn ìwé. Mo gba ìwé náà, mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Àwòrán rẹ ni mo rí níbẹ̀, tí o ń rẹ́rìn-ín. Mo dá ìwé padà fún un.

A wá dé ibi bàbá ọmọ náà.

Dámilọ́lá, bàbá inú ìwé yẹn, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tiro. Ó ń sin awó. Kí ó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ọmọ rẹ̀ bá sọ ìtàn ìyẹ́ kan fún un, á ní ṣé ìyẹn la óò jẹ? Bí ọmọ bá ní òun gbọ́ orin kan nínú ìyẹ́ òun, á ní ṣé ìyẹn la óò jẹ? Nígbà tí Tíṣà kà á dé ibẹ̀, ọ̀fun ń yún mi, mo wúkọ́. N kò mọ̀ pé ó pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ńṣe ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù yí ojú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, Jùbrílù pàápàá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọlọ́kadà kan lẹ́yìn ló ní bàbá, ẹ̀yin mà nìyí o. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé ó dùn mí.

Tíṣà ń kà á lọ. Bàbá yẹn wá fa ìyẹ́ ọmọ rẹ̀ tu nígbà tí ọmọ ń sùn, ó fi ṣe ìrọ̀rí. Nígbà tí ọmọ jí, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ìlú àwọn ẹyẹ. Bàbá jókòó síta, ó ń wo ọ̀nà, ó ń wo ọ̀nà, kò dìde, títí ikán fi mọ ilé bò ó tí ó fi di òkìtì ọ̀gán. Obìnrin kan ní èèyàn kò lè di òkìtì. Jùbrílù ní ní ìlú yìí kẹ̀? Ó ní ní Èsìẹ́, níbi tí àwọn ère òkúta wà tí àwọn baba wa ní èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ta ni yóò la ẹnu sọ pé èèyàn kò lè di nǹkan?

Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo ní mo fẹ́ lọ kó awó wọlé. Oòrùn kò tíì wọ̀, awó kò sì tíì fẹ́ wọlé, gbogbo èèyàn mọ̀. Ìyá rẹ tó wá gba bùbá rẹ̀, tó jókòó tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kò bá mi dìde.

Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti pín sí méjì. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ka ìwé parí, èmi kò lọ, ṣùgbọ́n ariwo wọn dé ilé bá mi. Jùbrílù ní èébú ni. Ó ní ọmọ wo ló máa gbé bàbá rẹ̀ sínú òkìtì fún gbogbo ayé wò, tó sì tún máa padà dé tí kò ní fọ́ òkìtì náà, tó kàn máa jókòó tì í díẹ̀, tó máa ti ìyẹ́ kan bọ inú ihò, tó máa lọ. Tíṣà Lawrence ní iyì ni. Ó ní bàbá mélòó ni wọ́n kọ sínú ìwé ní gbogbo Ìrẹ́pọ̀dùn? Ó ní ẹni tí wọ́n bá kọ sínú ìwé kò kú mọ́. Jùbrílù ní bẹ́ẹ̀ ni, kò kú, inú òkìtì ló wà. Inú bí Tíṣà, inú bí Jùbrílù. Aṣọ tí Tíṣà fẹ́ wọ̀ sí ìkórè wà lọ́wọ́ Jùbrílù, ó ti gé ṣòkòtò, kò tíì rán an, ó wá ní òun kò ní gún abẹ́rẹ́ mọ́ ọn títí Tíṣà yóò fi gbà pé èébú ni. Tíṣà ní kó mú un, òun yóò lo ti èṣí. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì náà pín sí méjì, àwọn tó ní kí ọmọ náà fọ́ òkìtì jókòó sọ́tùn-ún, àwọn tó ní kó má fọ́ ọ jókòó sósì. Àwọn ọlọ́kadà, bí wọ́n bá ti rí mi lójú ọ̀nà báyìí, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á ní bàbá, ṣé ìyẹn la óò jẹ?

Èmi alára kò mọ ibi tí mo wà. Láàárọ̀ mo máa ń gba ti Jùbrílù. Bí mo bá ti dé oko tí mo rò ó dáadáa, mo ti ń gba ti Tíṣà. Bí mo bá ń bọ̀ tí àwọn ọlọ́kadà bá fọn fèrè, mo ti padà sọ́dọ̀ Jùbrílù.

Mo lọ bá pásítọ̀, nítorí ó ka ìwé púpọ̀ ní Ìgbàjà. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òwe ni, bí òwe ọmọ onínàákúnàá. Ìyẹn tún wá dà mí lórí rú. Mo ní nínú òwe yẹn, bàbá ni ẹni rere, ọmọ ló bá ẹlẹ́dẹ̀ jẹun. Nínú ti wa yìí, ta ló bá ẹlẹ́dẹ̀ jẹun? Pásítọ̀ wá bi mí bóyá mo ti rí ẹni tí yóò bá òun tún páànù òun ṣe.

Bilqis ọmọ Jùbrílù, tó ń ṣe POS ní oríta, ló wá sọ pé kì í ṣe Èsìẹ́ nìkan ni wọ́n ti ń jà. Ó ní wọ́n ń jà lórí fóònù pẹ̀lú. Ó fà mí jókòó, ó ṣí i fún mi. Ó ní irínwó èèyàn àti méjìlá ló ti sọ̀rọ̀ sí ìwé rẹ. Mo ní níbo ni gbogbo wọn jókòó sí, ṣé o ń se oúnjẹ fún wọn? Ó ní oníkálukú wà nílé rẹ̀. Ìyẹn bá mi lára mu. Ó ń kà á fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní òun sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́, mo ní kí Bilqis bá mi kí i kú àìsùn. Ẹnì kan ní Kánádà ní ìwé náà gùn jù. Àwọn mìíràn kò sọ̀rọ̀ rárá, orí pípá kékeré aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi ránṣẹ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní ibà apọ́njú ló ń ṣe àwọn wọ̀nyí, kí wọ́n tètè lọ sí ọsibítù. Bilqis ní ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Mo tún un wò. Kò jọ ẹ̀rín.

Mo rí ìràwọ̀ lábẹ́ ìwé rẹ, mo béèrè ohun tí ìràwọ̀ ń ṣe níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bilqis ní òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìwé, ó sì kọjú sí oníbàárà tó dé. Èmi wá rò ó fúnra mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn fún ọ ní márùn-ún, àwọn kan fún ọ ní mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló fún ọ ní ọ̀kan. Mo ní ẹni yìí ló fẹ́ràn ọmọ mi jù, nítorí ìràwọ̀ tó mú àwọn amòye dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ọ̀kan péré ni, kì í ṣe márùn-ún. Mo fi ìka mi tẹ ọ̀kan fún ọ. Inú mi dùn. Nígbà tí Bilqis yíjú padà, ó kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà fi sá jáde.

Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ti ẹnì kan tó ń jẹ́ Ẹyẹ Òru 77. N kò mọ̀ bóyá ọjọ́ orí rẹ̀ ni tàbí iye àwọn tí wọ́n bí lé e. Ó ní òun fẹ́ kí bàbá yẹn jẹrà sínú òkìtì rẹ̀. Bilqis fẹ́ fò ó kọjá, mo ní kó padà. Ó ní kí n má dá a lóhùn. Mo ní ẹni tó bá bú mi lójú ọ̀nà pàápàá, mo máa ń kí i. Mo ní kó bá mi kọ ọ́ báyìí pé: Ẹ kú ìwé kíkà o. Èmi ni bàbá tí ẹ ń bá wí yẹn. Ebenezer Bámigbóyè ni orúkọ mi, ní Èsìẹ́. Ẹ má bínú. Kí ni kí n ṣe?

Ní ọjọ́ kejì, Bilqis sáré wá bá mi lóko. Ó ní ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ti fi ọkàn pupa sí ọ̀rọ̀ mi. N kò mọ ohun tí èèyàn ń fi ọkàn ẹlòmíràn ṣe. Ó ní wọ́n ti ń bá ara wọn jà lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, àwọn kan ní kí ọmọ náà dárí jì mí, àwọn kan ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní irọ́ ni mò ń pa, n kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan láti Ọ̀ffà béèrè bóyá mò ń ta awó. Ẹyẹ Òru 77 náà sì dáhùn. Ó ní: Bàbá, ọmọ yín ni kí ẹ bi, ẹ má bi mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni o kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé o rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, láàárọ̀, n kò lè lọ sóko. Mò ń rìn káàkiri inú ilé, mò ń sọ̀rọ̀ sókè pé ṣé èmi ni, tàbí èmi kọ́, bó bá ṣe èmi ni kí ló fẹ́ kí n ṣe, bó bá sì ṣe èmi kọ́, báwo ni ẹsẹ̀ òsì mi ṣe dé ibẹ̀. Ìyá rẹ ń bó iṣu. Ó ní Bàbá Dámilọ́lá, ẹ jókòó, ẹ ti ń gbé eruku dìde. Mo jókòó. Ó ní kì í ṣe ẹ̀yin. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun jókòó gbọ́ ibi tí ẹ̀yin sá fún. Ó ní nígbà tí ọmọ yẹn padà dé láti ìlú àwọn ẹyẹ, bàbá rẹ̀ gba inú ihò òkìtì bá a sọ̀rọ̀. Kò ní iṣẹ́ ló pọ̀, kò ní ire ọmọ lòun ń wá. Ó dárúkọ ohun tó ṣe. Ó ní òun fa ìyẹ́ rẹ̀, òun fi ṣe ìrọ̀rí, òun sùn lé e lórí, kò dára, jọ̀ọ́ má bínú. Ìyá rẹ ní láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí òun ti ń bá mi gbé, òun kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí, nítorí náà kò lè jẹ́ èmi. Ó mú iṣu mìíràn, ó ń bó o lọ.

Mo jókòó síbẹ̀ títí iṣu fi jinná.

Dámilọ́lá, ìwé ìkọ̀wé mẹ́fà ni. Ẹ̀yìn ọ̀kan ti ya. Ọdún tí o fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ni, mo wọ yàrá yín, mo rí i pé ìtàn lo kọ kún gbogbo wọn, kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Mo ní ṣé ìyẹn la óò jẹ. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Hafeezat alákàrà pé kó máa fi di àkàrà. Nígbà tí o dé láti iléèwé tí o mọ̀, o kò sunkún níwájú mi. O lọ láti ojúlé dé ojúlé, ò ń kúnlẹ̀, ò ń tọrọ bébà olóróró lọ́wọ́ àwọn tó ti jẹ àkàrà tán. Mo rí ọ láti ojú fèrèsé nígbà tí o ń sá wọn sórí okùn bí aṣọ. Èyí tí o rí kò tó ogún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, nítorí pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì o kúnlẹ̀ kí mi bí o ti máa ń ṣe.

Èmi ni mo kó o. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo rò pé mo ń lé ọ lọ sídìí ohun tí yóò bọ́ ọ ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní n kò gbọdọ̀ sọ ìyẹn, ó ní kí n pa á rẹ́. Bírò ni mo fi kọ ọ́, kò ṣeé pa rẹ́, fò ó kọjá. Ìyá Hafeezat fún mi nínú àkàrà ọjọ́ náà, mo sì jẹ ẹ́. Kò dára, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.

Nígbà tí mo jẹun tán ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jùbrílù. Tíṣà Lawrence jókòó sí apá kan, Jùbrílù kọ ẹ̀yìn sí i. Mo ní kí wọ́n má jà nítorí tèmi mọ́, kì í ṣe èmi ni bàbá inú ìwé. Wọ́n ní báwo. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí, àti ti àkàrà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, àwọn ọlọ́kadà kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní òun rí ọ̀kan nínú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn lọ́wọ́ rẹ nígbà náà, nígbà tí òun kò rí i mọ́ òun rò pé o sọ wọ́n nù ni. Jùbrílù ní òun náà ra àkàrà ní ọdún yẹn. Ó ní ìtàn wà lára bébà rẹ̀, ti ìjàpá kan tó fẹ́ fi orí òkè ṣe fìlà, òun ń kà á, ó dé ibi tó dùn, bébà tán. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lòun ti fẹ́ mọ bó ṣe parí, òun kò sì mọ ẹni tí òun lè bi. Ó wá fa ṣòkòtò Tíṣà jáde lábẹ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.

Ìjà kò tán o, má rò bẹ́ẹ̀. Jùbrílù ṣì ní ó yẹ kí ọmọ náà fọ́ òkìtì, Tíṣà ní ọmọ kì í ṣe ọ̀gá ikán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jà lórí àga kan náà. Jùbrílù ní kí n bi ọ́ nípa ìjàpá yẹn, jọ̀ọ́ má gbàgbé.

Ní ti ìràwọ̀, Bilqis ti wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní ọ̀kan tí mo fún ọ ló burú jù, ó ní mo lè yí i sí márùn-ún. Mo ní kó dúró ná kí n gbọ́ lẹ́nu rẹ, nítorí n kò fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí o kọ mọ́ láìbéèrè. Sọ èyí tí o fẹ́.

Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, bá ìyá rẹ fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo àti ọṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi tiwa gbálẹ̀ fún Ọlọ́run. Fi ti páànù pásítọ̀ kún un, ojú ń tì mí. Èmi, awò ojú ni mo fẹ́. Lẹ́tà inú ìwé rẹ kéré bí èèrà, bí mo bá fẹ́ kà á, ńṣe ni wọ́n ń rìn lọ. Tíṣà ní òun yóò tún un kà fún mi, mo ní rárá. Mo fẹ́ fi ojú ara mi ka ibi tí bàbá yẹn ti ń bẹ ọmọ rẹ̀, kí n wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, nítorí èyí tí mo sọ nínú lẹ́tà yìí, n kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa dùn-ún kọ. Ohun tí o bá kọ kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò ya á. O kò ní fi ẹsẹ̀ rìn kiri ilé onílé nítorí ohun tí í ṣe tìrẹ mọ́. Bí o bá bí tìrẹ, wàá gbọ́n jù mí lọ. Ìyá rẹ kí ọ, awó márààrún kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ,
Ebenezer Bámigbóyè.